Ooru Àjà Wa Ni Ká Fi Ṣírò Wáyà Ilé Wa

Ẹni tó bá ti gun àjà ilé onípáànù rí lọ́sàn-án oṣù kẹta kò ní gbàgbé. Òógùn á ti bò ó kó tó rá dé àárín, páànù kò ní ṣeé fọwọ́ kàn, afẹ́fẹ́ kò sì ní sí níbẹ̀ rárá. Inú ooru yẹn ni ọ̀pọ̀ wáyà iná ilé wa ń gbà kọjá. Oníṣẹ́ iná á to páìpù, á rọ́ wáyà mẹ́fà, mẹ́jọ sínú ẹyọ kan, káfíńtà á kan síílìn bò ó, gbogbo wa á sì gbàgbé rẹ̀ títí di ọjọ́ tí òórùn rọ́bà jíjó bá gba ilé kan.

Ohun tí a ń sọ nínú ìwé ìròyìn yìí ni pé kò yẹ kí wọ́n so ilé tuntun kankan mọ́ iná mọ́ láìjẹ́ pé ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì buwọ́ lù ú, iye iná tí wáyà ilé náà lè gbé nínú ooru ibi tó gbà kọjá gan-an.

Wáyà tó pọ̀ jù lọ nínú ilé wa ni èyí tí wọ́n fi rọ́bà PVC bò. Ìwọ̀n ooru tí wọ́n ṣe é fún ni 70°C. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó gbọ́ èyí á ní ìlú wo nílẹ̀ Yorùbá ni ooru rẹ̀ dé 70 rí? Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Ooru tí kọ́pà inú wáyà fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ sí ni 70 yẹn, nǹkan méjì ló sì ń dá a: ooru ibi tí wáyà wà, àti ooru tí iná ń mú jáde bó ṣe ń gba inú kọ́pà kọjá. Ẹ wò ó bíi korobá kan tí èèyàn méjì ń pọnmi sí. Bí àjà bá ti pọn tirẹ̀ dé ìdajì, ìwọ̀nba ló kù tí iná lè pọn kó tó kún.

Tábìlì tí àwọn ẹnjiníà wa fi ń yan wáyà, èyí tí a bá lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gbà pé ooru àyíká wáyà kò ju 30°C lọ. Lórí ìyẹn, wáyà kọ́pà 2.5mm², méjì nínú páìpù lára ògiri, lè gbé 24 ámpù (ámpù ni a fi ń wọn iye iná tó ń gba inú wáyà kọjá). Láti 30 dé 70, àyè 40 ló wà. Ṣùgbọ́n kò ṣòro kí abẹ́ páànù dé 50 lọ́sàn-án. Àyè tó kù di 20, ìdajì péré. Bẹ́ẹ̀ ni ooru wáyà kì í bá iná rìn lọ́gbọọgba: bí iná bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Nígbà tí a bá ṣírò rẹ̀ parí, wáyà tó ń gbé 24 ti di wáyà tó ń gbé 17. Bí ọ̀nà iná mẹ́ta, ìyẹn wáyà méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta, bá wà nínú páìpù kan náà, tí gbogbo wọn sì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, tábìlì yẹn kan náà ní ká tún yọ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kúrò. Ó ku 12.

Nílé kan láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ìyá ń fi kẹ́tù oníwáàtì 2,000 se omi, ọmọ ń fi áyọ́ọ̀nù 1,200 lọ aṣọ iléèwé. Lórí iná 230 fóòtì, àwọn méjèèjì gba nǹkan bí 14 ámpù, èyí tó ju 12 tó kù fún wáyà wọn lọ. Wọn kò ṣe nǹkan tó burú. Bíríkà oní-32 ámpù tí wọ́n fi sí i, ìyẹn ohun tó ń gé iná bó bá pọ̀ jù, kò sì ní já, nítorí kò sí ohun tó sọ fún bíríkà pé àjà gbóná. Ìdí nìyí tó fi ń dùn wá nígbàkígbà tí a bá gbọ́ pé, “Bíríkà yìí ti ń já jù, ẹ jẹ́ ká fi ńlá sí i.” Oníṣẹ́ iná tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ láìyẹ wáyà wò ti mú ohun kan ṣoṣo tó ń ké fún onílé kúrò.

Rọ́bà kì í sábà jó lọ́jọ́ kan. Ó máa ń gbẹ, á le, á sì wá máa sán. Ìṣirò táwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń lò ni pé bí wáyà bá ń fi nǹkan bí 10°C ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ nígbà gbogbo, ọjọ́ ayé rọ́bà rẹ̀ á dín sí ìdajì. Tẹ́lẹ̀, àìsí iná ń bá wa fún wáyà nísinmi. Àmọ́ láti oṣù kẹrin 2024 tí ìjọba ti fi owó kún iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn ìpele àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù lọ, ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí fún wọn. Inú wa dùn sí i níbi tí ìlérí náà bá ti ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ amúlétutù tó ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ń lo wáyà tí wọ́n rì sílé nígbà tí iná ń wá fún wákàtí mẹ́rin.

Àwọn kan ti ń ra wáyà onírọ́bà XLPE, tí ìwọ̀n tirẹ̀ jẹ́ 90°C, wọ́n sì rò pé ọ̀rọ̀ parí. Ó sàn jù nínú àjà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti fi bóòtì de wáyà mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì àti bíríkà, 70 ni wọ́n sábà ṣe é fún. Ẹni tó bá tìtorí 90 fún wáyà rẹ̀ ní ẹrù tó pọ̀ sí i, ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni yóò ti kọ́kọ́ rí i tó dúdú.

Èyí tó tún ń bí wa nínú ni wáyà tí ara rẹ̀ jẹ́ kọ́pà, tí inú rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù. Ẹ fi abẹ ha orí rẹ̀, ẹ ó rí funfun nínú pupa. Alumíníọ̀mù ń dènà iná ju kọ́pà lọ ní nǹkan bí ìlọ́po kan àti ààbọ̀, nítorí náà ó ń gbóná jù lábẹ́ ẹrù kan náà. Ẹni tó bá tà á fún ènìyàn gẹ́gẹ́ bíi kọ́pà ti gbé ewu wọlé onílé.

A mọ ohun tí àwọn onílé máa sọ: owó wáyà ti gòkè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wáyà ńlá nìkan kọ́ ni ọ̀nà àbáyọ. Gbígbé páìpù kúrò lábẹ́ páànù sínú ògiri kò wọ́nwó bí a bá ṣe é kí wọ́n tó rẹ́ ilé. Pípín wáyà sí páìpù méjì dípò ọ̀kan ń dá àyè padà. Fífún ẹ̀rọ amúlétutù ní ọ̀nà iná tirẹ̀ náà ń ṣèrànwọ́.

Kí SON, àjọ tó ń rí sí òṣùwọ̀n ọjà, rí i pé gbogbo róòlù wáyà tó bá wọ ọjà ní 70 tàbí 90 lára, tó hàn kedere, pẹ̀lú irin tó wà nínú rẹ̀. Kí àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ni níṣẹ́ iná má ṣe fún ọmọ iṣẹ́ ní firídọ́ọ̀mù bí kò bá lè ṣe ìṣirò tí a ṣe lókè yìí. Kí NEMSA, tí òfin ọdún 2015 gbé kalẹ̀ láti máa yẹ ohun èlò iná wò, àti àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń fọwọ́ sí ilé kíkọ́, fi ìlà mẹ́ta kún fọ́ọ̀mù wọn: ooru ibi tí wáyà gbà kọjá, iye ọ̀nà iná tó wà nínú páìpù, ámpù tó kù lẹ́yìn ìṣirò. Orúkọ àti ìbuwọ́lù ẹni tó ṣírò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀. A fẹ́ kí fọ́ọ̀mù náà ti délẹ̀ kí oṣù kejì tó wọlé, tí páànù á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.