Ayé ọjọ́un lórí pápá
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin tí ẹ kọ̀wé rántí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Shooting Stars Ìbàdàn, ayé àwọn agbábọ́ọ̀lù bíi Muda Lawal àti Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Àwa tí 1976 ṣojú wa, tí wọ́n na ẹgbẹ́ Tonnerre Yaoundé ti Kamẹrúùnù tí wọ́n fi gba ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà (Cup Winners' Cup), a ò lè gbàgbé. Ojú fèrèsé aládùúgbò ni ọ̀pọ̀ wa ti ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹnì kan á wà níta tí á máa yí ọ̀pá eríà: "Ó ti mọ́, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀!" Tí a bá sì ń lọ pàdé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Stationery Stores l'Ékòó, láti inú bọ́ọ̀sì ni ìlù àti orin ti ń bẹ̀rẹ̀, ó di pápá Oníkàn! Lónìí, àwọn ọmọ wa mọ gbogbo agbábọ́ọ̀lù Chelsea, wọn ò mọ ọ̀nà pápá Adámásìngbà n'Ìbàdàn. Ó dùn mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ẹ máa fi líìgì wa hàn wá.