Antivirus wo ni kí n gbé sórí laptop ilé?

Ìyá Tìmí: Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Mo ra laptop tòkunbọ̀ kan ní Computer Village n'Íkẹjà lóṣù tó kọjá, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀, mi ò fi ṣe ju kí n tẹ ìbéèrè ìdánwò fún àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ, àwọn ọmọ tèmi náà sì ń fi wo kátúùnù. Àtọjọ́ tí mo ti gbé e délé ni nǹkan kan ti ń yọjú nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún pé antivirus mi ti expire, kí n sanwó, dọ́là ni wọ́n sì kọ síbẹ̀. Ṣé kí n san án ni, àbí èwo lẹ ní kí n gbé síbẹ̀ tí ò ní máa jẹ dátà mi?

Kúnlé Ìbàdàn: Àǹtí, ẹ má san kọ́bọ̀. Windows ní antivirus tiẹ̀ nínú, Defender lorúkọ ẹ̀, láti Windows 8 tó jáde ní 2012 ló ti ń bá a wá, ọ̀fẹ́ ni. Èyí tó ń pariwo yẹn, trial ni, àwọn tó ṣe laptop ló máa ń fi í sára ẹ̀, tọ́jọ́ ẹ̀ bá ti pé á wá máa sin yín lówó bíi pé ẹ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹ uninstall ẹ̀, kẹ́ ẹ restart, Defender á jí fúnra ẹ̀.

Ṣọlá Òkè-Àdó: Ó ti dé pẹ̀lú ọ̀fẹ́ ẹ̀. Kúnlé, nígbà tí fáírọ́ọ̀sì WannaCry jà káàkiri ayé ní 2017, tó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa tó ń bèèrè Bitcoin, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, níbo ni ọ̀fẹ́ ẹ wà? Ọsibítù ní England ń dá aláìsàn padà sílé! Ohun téèyàn ò sanwó fún, ta lo fẹ́ mú tó bá ja ẹ́ kulẹ̀?

Gbénga Òǹtúnṣe: Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí. Ihò kan ló wà lára Windows fúnra ẹ̀ tí WannaCry gbà wọlé. Microsoft ti gbé update tó dí ihò yẹn jáde ní March, May ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jà. Windows 7 tí wọn ò ṣe update fún ló pọ̀ jù nínú àwọn tó kó o, ẹni tó ti ṣe update kò fọwọ́ kàn án. Àwa tá à ń pa update torí dátà ni kẹ́ ẹ bá wí.

Bàbá Ìjẹ̀bú Peckham: Èmi máa ń sanwó ní tèmi o. Ọmọ mẹ́ta ló wà nílé, ó ń bá mi dí àwọn ibi tí ò yẹ kí wọ́n dé. Àmọ́ ẹ ṣọ́ káàdì yín. Ọdún àkọ́kọ́ wọ́n tà á fún mi lówó pọ́ọ́kú, ọdún kejì mo wà nínú bọ́ọ̀sì nígbà tí alert wọlé, wọ́n ti já ìlọ́po méjì, ariwo tí mo pa, awakọ̀ wẹ̀yìn. Auto-renew, kí wọ́n máa já owó fúnra wọn lọ́dọọdún, ti wà níbẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, èmi ni mi ò kà á.

Ṣọlá Òkè-Àdó: Ṣé ẹ rí i, bàbá sanwó, bàbá sùn dáadáa.

Kúnlé Ìbàdàn: Ẹni tó pariwo nínú bọ́ọ̀sì lẹ̀ ń pè ní ẹni tó sùn dáadáa? 😂

Àdùkẹ́ A.: Kúnlé, rọra, ọ̀fẹ́ mìíràn náà lówó lábẹ́. Avast tí gbogbo wa gbé sórí desktop nígbà kan, ọ̀fẹ́ ni àbí? Àṣé ibi tá à ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kó jọ, tí ilé iṣẹ́ wọn kan tó ń jẹ́ Jumpshot sì ń tà á. FTC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 16.5 dọ́là lórí ẹ̀ ní February 2024. Kẹ́ ẹ tó dárúkọ AVG fún mi, Avast yẹn náà ló rà á ní 2016, Avast àti Norton sì ti di ilé iṣẹ́ kan láti 2022. Ẹ kàn ń jà lórí abọ́ ni, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti ń bu ọbẹ̀.

Bàbá Ìjẹ̀bú Peckham: Kaspersky ńkọ́?

Àdùkẹ́ A.: Ó mọṣẹ́ gan-an. Àmọ́ ilé iṣẹ́ Rọ́ṣíà ni, Amẹ́ríkà sì fòfin de títà ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ní 2024.

Ṣọlá Òkè-Àdó: Ẹ fi Rọ́ṣíà sílẹ̀ jàre. Fíláàṣì ni ọ̀tá wa níbí. Mo gbé CV lọ tẹ̀ ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan, mo padà délé, mo ki fíláàṣì bọ laptop, gbogbo fóòdà mi ti di shortcut, ọ̀kọ̀ọ̀kan 1KB. Àwòrán ìgbéyàwó mi, 1KB! Mo ti ń sunkún kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wá sọ pé wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n kàn fi wọ́n pamọ́ ni. Látọjọ́ yẹn ni mo ti gbé Smadav sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí mo ń sanwó ẹ̀.

Gbénga Òǹtúnṣe: Òótọ́ ni, wọn kì í lọ. Ẹ ṣí cmd, ojú dúdú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, tó bá jẹ́ E ni fíláàṣì yín, ẹ tẹ attrib -h -r -s /s /d E:\*.* gbogbo ẹ̀ á jáde. Kẹ́ ẹ wá pa àwọn shortcut yẹn rẹ́, ẹ má ṣí ọ̀kankan, torí ẹni bá ṣí i ló ń jí fáírọ́ọ̀sì ọ̀hún. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, antivirus méjì tó jọ ń ṣọ́ ilé kan, ọ̀kan á máa mú èkejì lólè, kọ̀ǹpútà á sì máa falẹ̀.

Ìyá Tìmí, kí n bi yín, ta ló bá yín activate Windows yẹn? Ẹ ṣí Windows Security, Virus & threat protection, Manage settings, kẹ́ ẹ wá sísàlẹ̀ pátápátá níbi Exclusions. Kí lẹ rí?

Ìyá Tìmí: Ẹ má bínú, ọmọ ni mò ń fún lóúnjẹ. Mo ti yọ onígbèsè yẹn kúrò. Ẹni tó tà á fún mi ló ní òun ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán. Níbi Exclusions, C:\ ni mo rí, wọ́n kọ Folder sábẹ́ ẹ̀. Kò sí nǹkan mìíràn.

Kúnlé Ìbàdàn: Yéè!

Gbénga Òǹtúnṣe: Mo fura. C yẹn ni gbogbo ilé látòkè délẹ̀. Crack, ìyẹn ayédèrú tí wọ́n fi ń ṣí Windows láìsanwó, ló fi activate ẹ̀, crack sì máa ń ní kéèyàn pa antivirus kó tó ṣiṣẹ́, lòun bá kúkú sọ fún Defender pé ohunkóhun tó bá wà nínú C, kó má wò ó.

Ṣọlá Òkè-Àdó: Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ? Defender ń sùn!

Kúnlé Ìbàdàn: Kò sùn o. Wọ́n de mẹ́gáàdì mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó ta ilé fún wọn ni. Ìbáà ṣe tiyín tẹ́ ẹ fi dọ́là rà, wọn ò bá dè é náà.

Ìyá Tìmí: Mo ti yọ C yẹn, mo ní kó scan. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Mẹ́ta ló mú, ọ̀kan ń jẹ́ HackTool:Win32/AutoKMS. Àyà mi ń já o, mo ti fi ṣí báǹkì lórí ẹ̀.

Gbénga Òǹtúnṣe: AutoKMS ni crack ọ̀hún, méjì tó kù ni mi ò fọkàn tán. Ẹ fi fóònù yín pààrọ̀ password báǹkì àti ti email lálẹ́ yìí, ẹ má fi laptop ṣe é. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n tún Windows gbé látìbẹ̀rẹ̀, láti ọ̀dọ̀ Microsoft gangan. Ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti ní key Windows tiẹ̀ nínú BIOS, ìyẹn ètò tó wà lára bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, á activate fúnra ẹ̀ láìsan nǹkan kan. Ẹ wò ó bóyá á gba Windows 11, ìyẹn tó bá ní TPM 2.0, ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, tí processor Intel ẹ̀ sì jẹ́ 8th gen sókè, torí Microsoft ti ṣíwọ́ lára Windows 10 láti October 14, 2025. Defender á ṣì máa gba orúkọ fáírọ́ọ̀sì tuntun lórí Windows 10 títí di 2028, ṣùgbọ́n ihò ara Windows fúnra ẹ̀, ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò update àfikún ti Microsoft, nìkan ni wọ́n ń bá dí i.

Ìyá Tìmí: Ẹ ṣé gan-an ọmọ mi. Ìbéèrè ìdánwò mi tó wà lórí ẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa ṣe é.

Gbénga Òǹtúnṣe: Ẹ kó Word yín sórí fíláàṣì, Word nìkan o, ohunkóhun tó bá fi .exe parí ẹ má kó o.

Ìyá Tìmí: Fíláàṣì kan ni mo ní. Òun náà ni mo máa ń gbé lọ tẹ̀wé ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ìsàlẹ̀ àdúgbò wa.

Ṣọlá Òkè-Àdó: Ìyá Tìmí, ẹ jókòó. Ẹ má ki nǹkan kan bọ nǹkan kan.