Henry Lee Lucas kò pa 600 ènìyàn

Wọ́n ṣì ń pín in káàkiri pé Lucas, ọmọ Amẹ́ríkà, ló pa ènìyàn jù láyé. Àwọn kan ní 200, àwọn mìíràn ní 600. Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni iye yẹn ti wá. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Apànìyàn ni o, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ó pa ìyá rẹ̀ ní Michigan lọ́dún 1960. Nígbà tí wọ́n mú un ní Texas ní oṣù kẹfà 1983, ó jẹ́wọ́ pé òun pa ìyá arúgbó kan àti ọmọbìnrin kan tí òun pẹ̀lú rẹ̀ jọ ń gbé. Èyí múlẹ̀: ó mú ọlọ́pàá dé inú pápá tí òkú ọmọbìnrin náà wà, wọ́n sì rí èérún egungun nínú sítóòfù onígi níbi tó ń gbé. Ohun tí wọn kò tíì mọ̀ ló fi hàn wọ́n.

Ìyókù kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ẹ̀wọ̀n Georgetown ní Texas, àwọn Texas Rangers, ọlọ́pàá aṣèwádìí ìpínlẹ̀ náà, gba àlejò ọlọ́pàá láti ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi, oníkálukú pẹ̀lú fáìlì ẹjọ́ tó ti sú u. Wọ́n á fi fọ́tò han Lucas, wọ́n á bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn ti wà nínú rẹ̀. Bó bá ṣì í, wọ́n á tún un bi títí yóò fi gbà á. Wọ́n á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó mọ ohun tí apànìyàn nìkan lè mọ̀! Ẹjọ́ tó lé ní 200 ni wọ́n fi báyìí pa dé. Èrè tirẹ̀ ni sìgá, mílíkì-ṣéèkì àti ìrìn-àjò kúrò nínú yàrá ẹ̀wọ̀n. Bí ẹjọ́ bá sì ń wọlé, ta ni yóò kánjú pa á?

Ìwé ló já a nírọ́. Ní 31 oṣù kẹwàá 1979, wọ́n rí òkú obìnrin kan lẹ́bàá títì I-35 nítòsí Georgetown, ìbọ̀sẹ̀ aláwọ̀ ọsàn nìkan ló wọ̀. Lucas jẹ́wọ́, wọ́n dájọ́ ikú fún un ní 1984. Ṣùgbọ́n ìwé ibi iṣẹ́ rẹ̀ fi hàn pé Jacksonville ní Florida ló ti ń kan òrùlé nígbà náà, ó ju kìlómítà 1,500 lọ. Àfi bó bá fò. Akọ̀ròyìn Hugh Aynesworth àti Jim Mattox, agbẹjọ́rò àgbà Texas, to irú ìwé báyìí ní déètì-déètì ní 1985 àti 1986, ìjẹ́wọ́ sì ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 1998, Gómìnà George W. Bush sọ ìdájọ́ ikú náà di ẹ̀wọ̀n gbére.

DNA ti tọ́ka sí ẹlòmíràn nínú àwọn ẹjọ́ kan tí wọ́n ti kọ sí Lucas lọ́rùn. Títí wọ́n fi rí i bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń wá àwọn tó ṣe é.