Ojú irin àtijọ́ ni kẹ́ ẹ gbà

Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ ní gígun kẹ̀kẹ́ ní ìgbèríko Ìlú Ọba, iṣẹ́ ọ̀dọ́ ni. Ẹ ò tíì dé Monsal Trail nìyẹn, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ kan ní Derbyshire, ní England. Ojú irin ni tẹ́lẹ̀, kí wọ́n tó tì í pa ní 1968. Rélùwéè kì í sì í gun òkè gíga, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà náà fi tẹ́jú fún nǹkan bíi máìlì 8.5, láti Bakewell dé ìtòsí Buxton, láìsí mọ́tò kankan. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣí àwọn ihò abẹ́ òkè rẹ̀ padà. Ẹ mú súwẹ́tà dání o, ibẹ̀ tutù bíi fìríìjì! Èmi tí orúnkún ń dùn, mo gùn ún lọ, mo gùn ún bọ̀. Àwọn tó ń fa ajá nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún, okùn wọn ti gùn jù.