Ẹ yé dá òbí nìkan lẹ́bi: ta ló ń bi TikTok léèrè ọjọ́ orí ọmọ wa?

Láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025, tí ìjọba Australia ti ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 má ní àkáǹtì mọ́ lórí TikTok, Instagram, Snapchat àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu aráyé. Èyí tí à ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláṣẹ tiwa kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá: kí òbí mójú tó ọmọ wọn.

Ta ló sọ pé kí òbí má mójú tó ọmọ? Ohun tí wọn kì í sọ jáde nípa òfin òkèèrè náà ni pé kò fi ìyà kankan jẹ òbí, kò sì fi jẹ ọmọ. Ilé-iṣẹ́ ni yóò sanwó ìtanràn, ó sì lè tó mílíọ̀nù 49.5 owó dọ́là ti Australia. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn ọjà ni wọ́n dì mú, kì í ṣe ẹni tí ọmọ rẹ̀ ṣìnà wọbẹ̀.

Bóyá ọdún 16 ló tọ́ tàbí kò tọ́, a ò ní fi ìyẹn jẹ àkókò yín lónìí. Nàìjíríà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá òfin. Ìwé ìròyìn yìí ti sọ ọ́ títí ẹnu wa fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó: abala 31 nínú òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 là á kalẹ̀ pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ gba àkọsílẹ̀ nípa ọmọdé gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́wọ́ òbí tàbí alágbàtọ́, kó sì wá ọ̀nà tí yóò fi mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni òfin náà ń pè ní ọmọdé, gẹ́gẹ́ bí Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 ṣe túmọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ǹjẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan ti kàn sí yín rí kí ọmọ yín tó wọlé? Ọmọ ọdún 10 á tẹ ọdún tí wọ́n bí ìyá rẹ̀, ó parí.

Àwọn aláṣẹ wa á ní apá àwọn kò ká àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá yẹn. Irọ́ ni. Àjọ FCCPC, tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 220 dọ́là Amẹ́ríkà lé Meta, tó ni Facebook àti Instagram, lórí ní oṣù Keje ọdún 2024. NDPC, àjọ ìdáàbòbò dátà tí òfin 2023 yìí wà níkàáwọ́ rẹ̀ gan-an, bu mílíọ̀nù 32.8 dọ́là lé e ní oṣù Kejì ọdún 2025 lórí ọ̀rọ̀ ìpolówó ọjà, kí wọ́n tó jọ parí ẹjọ́ náà láàárín ara wọn ní oṣù Kẹwàá. Apá ká a nígbà náà. Ṣé ìgbà tó kan ọmọ ni apá wá rọ?

Ẹni tó bá rò pé ewu yìí jìnnà, kó wo ibi tó ti ń jáde. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ kan ní Michigan rán tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì tí wọ́n mú lọ láti Èkó sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣe bí ọmọbìnrin lórí Instagram, wọ́n gba àwòrán ìhòòhò lọ́wọ́ ọmọkùnrin ọdún 17 kan, wọ́n sì ń fi halẹ̀ mọ́ ọn kó mówó wá, títí ọmọ náà fi gbẹ̀mí ara rẹ̀. Oṣù méjì ṣáájú ìdájọ́ yẹn ni Meta kéde pé òun ti pa nǹkan bíi 63,000 àkáǹtì Instagram rẹ́ ní Nàìjíríà níbí, nítorí irú iṣẹ́ ibi yìí kan náà. Ẹ tún iye yẹn kà. Àwọn tó ń ṣe é kò sí lókè òkun. Àdúgbò wa ni wọ́n ń gbé.

Ọgbọ́n wọn kò jinlẹ̀, ó sì yẹ kí òbí mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ tuntun á yọjú, á rẹwà, á ní kí àwọn bọ́ sí WhatsApp. Òun ni yóò kọ́kọ́ fi àwòrán ránṣẹ́, àwòrán ẹlòmíràn sì ni. Kí ọmọ tó mọ̀, wọ́n ti kó orúkọ àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí rẹ̀ jọ: sanwó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ màmá ẹ á rí i. Ìbẹ̀rù òbí gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. Ọmọ tó bá ti mọ̀ pé ìgbátí ni yóò kọ́kọ́ gbà kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má sanwó. Ẹni tó gbà lẹ́ẹ̀kan á tún padà wá. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ inú fóònù rẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pamọ́ kí ẹ tó búlọ́ọ̀kù ẹni náà. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Èkó, àjọ DSVA, tó ń gbógun ti ìwà ipá nínú ilé àti ti ìbálòpọ̀, wà. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan tún wà tó ń jẹ́ Take It Down, tó ń bá àwọn tí kò tíì pé ọdún 18 dènà irú àwòrán bẹ́ẹ̀ lórí Facebook, Instagram àti TikTok, láì jẹ́ pé àwòrán náà kúrò nínú fóònù wọn.

Àwa òbí náà ní ẹjọ́ jẹ́ o. Ẹni tó gbé fọ́tò ọmọ sórí Facebook nínú aṣọ ilé-ìwé, pẹ̀lú orúkọ àti ọjọ́ ìbí, ti júwe ọmọ náà fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Nígbà tí fídíò ìbálòpọ̀ tó kan ọmọ ọdún 10 kan láti ilé-ìwé kan ní Èkó jáde lọ́dún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ náà kìlọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wà fún ẹni tó bá ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ tàbí tó pín in. Síbẹ̀, àwọn àgbàlagbà ló ń tì í láti WhatsApp kan sí èkejì, tí wọ́n ń kọ "Olúwa ṣàánú o" sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni mélòó ló ti jẹ́jọ́ lórí ìkìlọ̀ yẹn? Kí ìjọba Èkó kà wọ́n fún wa.

Ohun tí à ń béèrè kò pọ̀. Kí NDPC kéde ilé-iṣẹ́ tó ti ṣe ohun tí abala 31 wí àti èyí tí kò ṣe, kó dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò gba òfin tuntun, kò gba ìgbìmọ̀, kò sì gba àpérò ní òtẹ́ẹ̀lì Àbújá níbi tí wọ́n á ti pín báàgì àti bírò. Oṣù Kẹfà ọdún 2026 ni ọdún mẹ́ta òfin náà pé géérégé. A ó tún béèrè.