Àtúnṣe: Ẹ má tú pẹ́dà gìtá yẹn dànù

Àwọn olórin Ìjẹ̀bú-Òde ń fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp: pé pẹ́dà abẹ́ 'pedal steel' àtijọ́, gìtá tó ń dùbúlẹ̀ lórí ẹsẹ̀ bíi tábìlì, kò ju kó jẹ́ kí ohùn pariwo sí i lọ, pé bó bá ti dípẹtà, ká yọ ọ́ dànù. Irọ́ ni o! Ti kí ohùn pariwo sí i, ọ̀tọ̀ ni pẹ́dà tirẹ̀. Èyí ń fa okùn le ni, tí ohùn á fi rọra yọ̀ láti 'soh' bọ́ sí 'lah'. Òun ló jẹ́ kí gìtá Demola Adepoju máa sunkún nínú jùjú King Sunny Adé.

A dojú ọ̀kan délẹ̀ ní Ṣágámù. Gírísì gbígbẹ ló há àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ abẹ́ rẹ̀, kò sóhun tó kán. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti epo máṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ ló tú u sílẹ̀.