Kì í ṣe pàṣán nìkan ló kù

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìròyìn yín sọ pé ìwà àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní Kétu níbí bàjẹ́ nítorí pé òfin gba pàṣán lọ́wọ́ olùkọ́. Èmi ò gbà. Lóòótọ́, òfin ọmọdé ti ọdún 2015 ní Bẹ̀nẹ̀ kò fàyè gba kí a máa na ọmọ, ṣùgbọ́n ẹ wo inú kíláàsì ná. Ọmọ mẹ́ta mẹ́rin há mọ́ra wọn lórí ìjókòó kan, páànù orí wọn gbóná janjan lọ́sàn-án. Ta ni yóò jókòó jẹ́ẹ́ níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló dùn mí jù. Àwọn olùkọ́ tí a ń pè ní aspirants láti 2019, àdéhùn ni wọ́n fi gbà wọ́n síṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń gun ọ̀kadà sáré láti ilé ìwé kan dé òmíràn kí wákàtí wọn lè pé. Ẹni tí kò ráyè mọ orúkọ ọmọ, báwo ni yóò ṣe bá a wí? Àwa òbí náà ńkọ́? Bí ọjọ́ ọjà bá pé, a ó ní kí ọmọ wá bá wa pàtẹ. Tó bá fìdí rẹmi, a ó ní olùkọ́ ò kọ́ ọ.

Irun gígẹ̀ àti káàkí tó mọ́ tí ìròyìn yín mẹ́nu bà dára, n ò bá yín jiyàn. Àmọ́ ṣé akọ̀ròyìn yín dé ẹ̀yìn ilé ìwé? Ìjọba ti ní kí àwọn ọmọbìnrin ní kíláàsì ìsàlẹ̀ má san owó ilé ìwé mọ́, kí wọ́n wá bá wọn kọ́ ṣáláńgá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì.